Ewé Tí Móradékẹ́ Wá Tì

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Ta ni kò mọ òwe yìí láàrin ẹni tó gbọ́ Yorùbá? Ìyá ọkọ ń pa á, olùkọ́ ń pa á, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tuntun a sì máa fi tu ara rẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi yín pé ewé wo ni, lára ọṣẹ ta ni, ta ló sì kọ́kọ́ rí i pé ewé náà ti di ọṣẹ, ojú ara yín ni ẹ ó máa wò. Ẹ má dààmú. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi ni n ó ṣe sọ ọ́ fún yín. Bí ó bá sì jẹ́ pé òbí ni yín, tí ẹ ń kà á sétí ọmọ lórí ibùsùn ní ìlú òkèèrè, ẹ rọra máa kà á lọ. Ẹ má ṣe máa yọjú wo ọmọ ní gbogbo ìgbà bóyá ó ń gbọ́. Ìyọjú bẹ́ẹ̀ ló fẹ́ bá nǹkan jẹ́ nínú ìtàn yìí.

Láyé àtijọ́, obìnrin kan wà ní Ìdí-Àràbà, ìletò kan tí kò jìnnà sí Odò Ọya. Ojúọlápé ni orúkọ rẹ̀, ọṣẹ dúdú sì ni iṣẹ́ rẹ̀. A máa sun èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti pòpó àgbàdo di eérú, a máa fi omi sẹ́ eérú náà, a sì gbé omi rẹ̀ kaná pẹ̀lú àdín títí yóò fi ki. Bó bá tutù tán, a mọ ọ́ ní ìṣù ìṣù, a sì fi ewé gbòdògì dì í. Ìkòkò tó fi ń sè é kì í ṣe ìkòkò lásán. Ìyá ìyá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló sì fi sílẹ̀ fún un. Iṣẹ́ náà kì í ṣe èyí tí ènìyàn lè fi ojú lásán kọ́, nítorí èéfín kì í jẹ́ kí ojú ríran dáadáa nídìí rẹ̀. Àgbà a dúró sẹ́yìn, a máa pariwo pé, "Fa igi yẹn sẹ́yìn! Ọṣẹ ṣì ń sunkún, má tíì rò ó! Ó ti dákẹ́ wàyí, tètè!" Ẹnu ni wọ́n fi ń kọ́ni, etí ni wọ́n fi ń gbà á.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ojúọlápé bí, Móradékẹ́ ni orúkọ ọmọ náà, ó sì mọ iṣẹ́ ìyá rẹ̀ dunjú. Ṣùgbọ́n apẹja kan wà ní òdìkejì odò, ọmọ Tápà tí wọ́n ń pè ní Ndagi, tó máa ń kó ẹja yíyan wá tà ní Ìdí-Àràbà. Ojú pàdé ojú, ẹ̀rín pàdé ẹ̀rín. Kí a tó wí kí a tó fọ̀, Móradékẹ́ ti ní òun kò fẹ́ ọkùnrin mìíràn. Ojúọlápé kò rí àlébù kankan lára Ndagi. Odò yẹn gan-an ló kórìíra, nítorí pé odò náà fẹ̀, ọkọ̀ kì í sì í kọjá lójoojúmọ́.

"Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi ọ́ fún un," ni ó wí fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ yóò gbé e lọ. "Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Ìkòkò yìí kì í kọjá odò. Ọmọbìnrin tí o bá bí ni n ó fa ìkòkò yìí lé lọ́wọ́. Bí kò bá wá gbọ́ èdè mi, kí ni n ó fi kọ́ ọ níṣẹ́? Ọmọ àbúrò mi ni n ó gbé e fún nígbà náà, má sì sọ pé n kò sọ fún ọ."

Móradékẹ́ ní òun gbọ́. Ó dé ilé ọkọ, ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bí òun ti rò. Kò sí ẹlòmíràn tó ń sọ Yorùbá ní gbogbo agbo ilé náà. Ìyàwó tó bá sì ń sọ èdè tí ará ilé kò gbọ́, wọn a ní àwọn ló ń bú. Nítorí náà, obìnrin ọlọ́gbọ́n yìí kọ́ èdè Tápà, òun ló sì ń sọ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́: ó ń sọ ọ́ fún ìyá ọkọ, ó ń sọ ọ́ fún àwọn tó wá ra ọṣẹ, ó ń sọ ọ́ fún Ndagi fúnra rẹ̀. Nígbà tó bí ọmọbìnrin kan, tí wọ́n fi oríkì ìyá ìyá Ojúọlápé pè é ní Àyọ̀ká, èdè Tápà náà ni gbogbo ayé fi ń kí ọmọ, òun ni ọmọ fi ń ṣeré, òun ló fi ń jà. Nna ni ó ń pe ìyá rẹ̀, bí gbogbo ọmọ Tápà ṣe ń pe ìyá wọn.

Alẹ́ nìkan ló kù fún Móradékẹ́. Bí wọ́n bá jẹun tán, a gbé agbọ̀n ọṣẹ àti ìdì ewé ka ẹ̀gbẹ́ fìtílà, Àyọ̀ká a na ara rẹ̀ sórí ẹní lẹ́bàá rẹ̀, ìyá a sì máa fi ewé di ọṣẹ bó ti ń pa ààlọ́. Ọ̀rọ̀ Tápà kankan kì í jáde lẹ́nu rẹ̀ títí ewé yóò fi tán. Àwọn ààlọ́ tí Ojúọlápé ti pa fún un ni ó ń pa, pẹ̀lú gbogbo àwàdà inú wọn.

Èyí tí Àyọ̀ká fẹ́ràn jù ni ti Ẹmọ́. Wọ́n ní Erin ọba rán Ẹmọ́ pé kí ó ru àpò ẹ̀pà kan lọ sí ààfin. Nígbà tí Ẹmọ́ dé, àpò ti ṣófo. Erin bínú, ó ní Ẹmọ́ ló jẹ ẹ̀pà òun, pípa ni òun yóò pa á. Ẹmọ́ wá dúró lẹ́nu ihò rẹ̀, ó búra, ó ń kọrin pé ilẹ̀ mọ̀ ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò lẹ́nu. Kí ọba tó gbé ẹsẹ̀ lé e, òjò rọ̀, ẹ̀pà sì hù ní gbogbo ojú ọ̀nà tí Ẹmọ́ gbà wá. Àpò ló jò. Ojúọlápé ní ọ̀rọ̀ kan tó fúnra rẹ̀ fi kún ààlọ́ náà, tí ẹnikẹ́ni mìíràn kì í sọ. Nínú tirẹ̀, kí Ẹmọ́ tó kọrin, a kọ́kọ́ sọ fún ọba pé, "Ọmọ tálákà ni mí, ṣùgbọ́n ẹnu mi kì í ṣe àpò." Bí Móradékẹ́ náà ṣe ń pa á nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni Àyọ̀ká máa ń sùn kí òjò tó rọ̀ nínú ààlọ́ yìí. Ìyá rẹ̀ kì í dákẹ́. Ndagi a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ta lò ń pa á fún? Ọmọ ti sùn."

"Ojú rẹ̀ ló sùn," ni ìyàwó rẹ̀ á dáhùn. "Ta ló sọ fún yín pé etí ń sùn?"

Ó dùn ún sọ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Títí eyín iwájú Àyọ̀ká fi yọ, kò dá ìyá rẹ̀ lóhùn ní Yorùbá rí. A máa gbe orin ààlọ́ ní ìgbè pẹ̀lú oorun lójú, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ayékòótọ́ náà ń gbe orin. Bí ìyá bá bi í léèrè ohun kan lójúmọmọ, Tápà ló fi ń dáhùn. Àwọn aya ilé a máa rẹ́rìn-ín pé ọṣẹ ni Móradékẹ́ ń bá sọ̀rọ̀ lálaalẹ́.

Ohun kan wà tí Móradékẹ́ kò kíyè sí. Nígbà kan, Àyọ̀ká bẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án pé kí ó pa ààlọ́ fún òun. Ọṣẹ wà lórí iná, ìyá kò tilẹ̀ gbójú sókè. "A kì í pa á lọ́sàn-án," ni ó dáhùn lédè Tápà. "Ẹni tó bá pa á lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ yóò sọnù." Bí Ojúọlápé ṣe máa ń sọ fún òun náà nìyẹn. Àwọn àgbà dá ọgbọ́n yẹn kí ọmọ má baà fi ààlọ́ dí iṣẹ́ ọ̀sán lọ́wọ́ ni. Ó sọ ọ́ tán, ó sì gbàgbé. Ọmọ ni kò gbàgbé.

Lọ́dún náà, nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Móradékẹ́ se ọṣẹ kan tó dára ju gbogbo èyí tó ti sè rí lọ. Ó fi ewé dì í dáadáa, ó kó o sínú ìkòkò kan, ó dé e, ó gbé e sí kọ̀rọ̀ yàrá. Ọṣẹ rẹ̀ kì í pẹ́ nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí bó ti ń sè é ni wọ́n ń rà á. Èyí nìkan ló fi pamọ́, ìyá rẹ̀ ló sì fi pamọ́ dè, nítorí atukọ̀ ti jíṣẹ́ fún un pé bí odò bá fà, Ojúọlápé ń bọ̀ wá wo ọmọ ọmọ rẹ̀.

Odò fà, ìyá àgbà sì dé ní ọ̀sán gangan. Móradékẹ́ sáré pàdé rẹ̀ létí omi, ó kúnlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó sì ń da Yorùbá sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ti dí lẹ́nu láti ọjọ́ pípẹ́. Àyọ̀ká dúró sẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń sọ èdè alẹ́ nínú oòrùn, ẹ̀rù bà á, ó di ìró ìyá rẹ̀ mú ṣinṣin.

"Àyọ̀ká, oríkì ìyá ìyá mi," ni Ojúọlápé pè é, "ṣé dáadáa lo wà? Wá dì mọ́ mi."

Àyọ̀ká wo ìyá rẹ̀, ó wo òkè níbi tí oòrùn wà, ó kúnlẹ̀, ó sì sọ nǹkan kan wúyẹ́wúyẹ́ lédè Tápà.

"Kí ló wí?" ni ìyá àgbà bèèrè.

"Ó ní ẹ káàbọ̀."

"Ìwọ lo ní kí n káàbọ̀. Òun kò tíì sọ nǹkan kan fún mi."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ìyá àgbà á bi ọmọ léèrè, ọmọ á fi Tápà dáhùn láìjẹ́ kí ìró ìyá rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Móradékẹ́ á sì túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú lójú. Ojúọlápé fọwọ́ kan oúnjẹ díẹ̀, ó ní òun ti yó. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ tí ọmọ rẹ̀ ti ń bẹ̀rù láti ìgbà tí ọkọ̀ ti gúnlẹ̀.

"Ọmọ rẹ dára, ó sì ní ìwà. Ṣùgbọ́n ọmọ Tápà ni, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. N ó bá ọkọ̀ padà ní òwúrọ̀. N ó fa ìkòkò lé ọmọ àbúrò mi lọ́wọ́. N kò bínú."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tí kò bínú kì í sọ pé òun kò bínú. Kì í ṣe ìkòkò nìkan ló ń dun Móradékẹ́. Ó dà bíi pé ìyá rẹ̀ ti wo gbogbo alẹ́ tó fi pa ààlọ́, ó sì ní asán ni. Nígbà tí wọ́n tan fìtílà, kò gbé agbọ̀n ọṣẹ kalẹ̀. Àyọ̀ká dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó dúró títí, ó wá bi ìyá rẹ̀ lédè Tápà pé, "Nna, Ẹmọ́ ńkọ́?"

"Ẹmọ́ ti kú," ni Móradékẹ́ wí, ó sì pa fìtílà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí ìyá àgbà ti di ẹrù rẹ̀, Móradékẹ́ rántí ọṣẹ tó fi pamọ́. Ó ní bí inú ìyá òun kò tilẹ̀ dùn, kò ní lọ lọ́wọ́ òfo. Ó gbé ìkòkò náà jáde síta, ó ṣí i níwájú ìyá rẹ̀. Ẹnu yà á. Ìṣù ọṣẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n dúdú, wọ́n ń dán, ṣùgbọ́n kò sí ewé lára ẹyọ kan. Ó gbọn ìkòkò, ó yẹ ìdí rẹ̀ wò, kò rí ewé.

Àyọ̀ká fẹ́ràn ewé gbòdògì púpọ̀. Òun ló fi ń wé gèlè fún ọmọ àgbàdo tó fi ń ṣeré, ìyá rẹ̀ sì ti bá a wí nítorí rẹ̀ rí. Ìtìjú àná kò tíì tán lára Móradékẹ́. Ó bú jáde.

"Àyọ̀ká! Ìwọ lo tú ewé ọṣẹ ìyá mi! Ìwọ lo tú u, o lọ fi ṣe gèlè!"

Ọmọ náà mi orí, ó ń sọ̀rọ̀ kíákíá lédè Tápà, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì hàn wọ́n.

"Kí ló ń wí?" ni Ojúọlápé bèèrè.

"Irọ́ ló ń pa," ni Móradékẹ́ dáhùn.

Àyọ̀ká gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ sọ nípa òun. Ìgbà tí a bá purọ́ mọ́ni níwájú àlejò ni ọ̀rọ̀ ń dunni jù, ọmọdé kò yàtọ̀ sí àgbà nínú èyí. Ó wo ìyá àgbà tí ojú rẹ̀ ti ń lọ sí ọ̀nà odò. Ó fi ìró ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ó bọ́ síwájú, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, ó sì la ẹnu.

"Kábíyèsí, ẹ má pa mí," ni ó wí fún ìyá rẹ̀. "Ọmọ tálákà ni mí, ṣùgbọ́n ẹnu mi kì í ṣe àpò. N kò jẹ ẹ́. N kò tú u. Ẹni tó bá ní mo tú u, kí ó fi ewé hàn mí."

Ndagi tó ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́nu ọ̀nà dá ọwọ́ dúró. Yorùbá náà já gaara, ó dùn létí, ó sì dà bí ti arúgbó tí kò ní eyín iwájú. Kí ẹnikẹ́ni tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ọmọ náà ti bú sí orin pẹ̀lú omi lójú:

"Kábíyèsí, ẹ má pa mí o."

"Ilẹ̀ mọ̀, ilẹ̀ ò lẹ́nu," ni ohùn kan gbè é.

"Bí mo bá jẹ ẹ́, kí ihò mi dí o."

"Ilẹ̀ mọ̀, ilẹ̀ ò lẹ́nu."

"Bí n kò bá jẹ ẹ́, kí òjò wá rò ó."

"Ilẹ̀ mọ̀, ilẹ̀ ò lẹ́nu."

Ojúọlápé ló ń gbè é. Òun pàápàá kò mọ ìgbà tí ẹnu rẹ̀ là. Láti ìgbà tí Móradékẹ́ ti kéré ni kò ti gbọ́ orin náà mọ́, ọ̀rọ̀ àpò yẹn sì ni kò sí ẹlòmíràn láyé tó ń sọ ọ́ bí kò ṣe òun. Ó ju ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ó fa ọmọ náà mọ́ra, ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún.

"Móradékẹ́, o ti di ọba," ni ó wí. "Ọba tí kò wádìí ọ̀rọ̀. Bu omi wá."

Móradékẹ́ bu omi wá nínú igbá. Ìyá àgbà mú ìṣù ọṣẹ kan, ó fi èékánná ha ara ìṣù náà níwọ̀nba, ó sì na ibẹ̀ sí ojú ọmọ rẹ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ wà lórí ọṣẹ náà, bí ìlà tí ó máa ń wà lẹ́yìn ewé gbòdògì. Ó fi omi sí i, ó fi ọwọ́ pa á. Ìlà náà hó pẹ̀lú ọṣẹ, ó di ìfófòó funfun, kò sì sí ẹni tó lè sọ èyí tó jẹ́ ewé nínú rẹ̀ àti èyí tó jẹ́ ọṣẹ.

"Ewé rẹ rèé," ni Ojúọlápé wí. "Kò sí ẹni tó tú u. Ọṣẹ tìrẹ kì í pẹ́ nílẹ̀, ni kò jẹ́ kí o rí irú rẹ̀ rí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni ewé yìí ti wà lára ọṣẹ, kò sọ̀rọ̀, kò mira. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ."

Ó wá yíjú sí Àyọ̀ká. "Ìwọ náà, kí ló dé tí o fi pa ẹnu mọ́ sí mi láti àná? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ."

Àyọ̀ká nu imú rẹ̀. Ó tún wo oòrùn. Ó wá padà di ìyá rẹ̀ mú, lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ìró rẹ̀, ọrùn rẹ̀ ni.

"Nna ní ẹni tó bá sọ ọ́ lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ yóò sọnù," ni ó wí pẹ̀lú ìbẹ̀rù. "N kò fẹ́ kí Nna sọnù. Nna sọ ọ́ lọ́sàn-án àná, ìyá tirẹ̀ sì fẹ́ lọ."

Móradékẹ́ jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lọ́rùn rẹ̀. Ó yé e wàyí. Ọmọ rẹ̀ kò kọ èdè náà sílẹ̀ rí. Ó ti rò pé inú ààlọ́ ni èdè náà ń gbé, pé ìdí ààlọ́ alẹ́ nìkan ni a lè sọ ọ́ láìsí ewu. Gbogbo ìgbà tí òun ń bínú pé Àyọ̀ká kò dá òun lóhùn, òun ni ọmọ náà ń ṣọ́ kí ó má baà sọnù. Ó sunkún gidi, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn.

"Ẹmọ́ kò kú," ni ó sọ sí i létí. "Mo purọ́ ni."

Ojúọlápé ránṣẹ́ sí atukọ̀ pé kí ó máa lọ. Ó ní ìkòkò òun ti rí ẹni tí yóò gbà á, àti pé bí Àyọ̀ká bá ti lágbára láti ro ọṣẹ, òun fúnra òun ni yóò wá mú un lọ sí Ìdí-Àràbà láti kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló tẹ́ ẹní sí abẹ́ igi lójúmọmọ, ó ní kí ọmọ náà wá jókòó.

"Ìyá tèmi ti lọ sọ́run tipẹ́," ni ó wí. "Kò sí ibi tí yóò tún sọnù sí mọ́. Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!" ni Àyọ̀ká dáhùn. Ndagi náà, tó ti ń rẹ́rìn-ín wọn láti ọjọ́ yìí wá, dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. Ó ṣe tán, inú ilé kan náà ni òun náà ń sùn sí, etí tirẹ̀ náà kì í sì í sùn.

Láti ìgbà náà ni òwe yìí ti jáde láti ẹnu àwọn olóṣẹ Ìdí-Àràbà, tó sì tàn ká ilẹ̀. Bí ẹnì kan bá pẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn títí tó fi mú ìwà rẹ̀, ìbáà ṣe ìwà rere tàbí búburú, àwọn àgbà a ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Wọn a pa á fún ọmọ iṣẹ́ tó ń kánjú, wọn a sì pa á fún ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n máa ń pa á fún jù lọ ni ìyá tàbí bàbá tó ń fi èdè rẹ̀ bá ọmọ sọ̀rọ̀ lórí ibùsùn, tí ọmọ kò dáhùn, tàbí tó ń fi èdè mìíràn dáhùn, tí ó sì rẹ òbí náà débi pé ó fẹ́ pa ìwé dé. Wọn a ní kí ó má wá ewé kiri, nítorí èdè náà ti wọ ọmọ lára bí ewé ti wọ ọṣẹ. Kí ó fi omi sí i, kí ó wò ó bí yóò ti hó.